Igun oko dà? Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Ìgbìmọ̀ Ìkórè ní gbogbo ìjọ Èkìtì

Ẹ̀yin Bàbá Ìkórè àti Ìyá Ìkórè, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ẹ̀yin àlùfáà àti olùṣọ́-àgùntàn tí ẹ ń darí wọn, láti Òmùò dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀tùn,

Èkìtì kete, mo kí yín. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè. Mo mọ̀ pé ẹ ti tẹ ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ẹ ti mú àwọ̀ aṣọ, ẹ sì ti ń pe àwọn tí yóò ṣe alága lórí fóònù. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akápò ìkórè ní ìjọ wa, kí n tó gbé ìwé owó sílẹ̀ ní ọdún 2021. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni gbogbo ìlú ṣì ń pè mí.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ kankan nínú lẹ́tà yìí, mi ò sì ní dárúkọ ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ rò fún yín, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ṣe é, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bá mi sùn tí ó ń bá mi jí.

Ìyá kan wà ní ìjọ wa tí a ń pè ní Ìyá Elélùbọ́. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà ní pírámárì. Ó ń dá oko iṣu díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ó ń bó o, ó ń sá a, ó ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ó ń tà á. Ní ìkórè ọdún 2019, ìgbìmọ̀ wa bu 5,000 náírà lé opó kọ̀ọ̀kan lórí pé kí ó san, 10,000 lé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. A gbà pé àánú la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkórè, owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu mẹ́ta ni ó gbé wá, iṣu tí ó tó iṣu. Ó ti fọ ilẹ̀ ara wọn kúrò, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó gbé wọn síwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde. Nígbà tí ó ń padà lọ sí àyè rẹ̀, ó yà sí ìdí tábìlì mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ o, pé mo ti mú tèmi wá." Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí ó di àsìkò gbàǹjo, iṣu rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Alága ọjọ́ náà, ọmọ ìlú wa kan tí ó ti Àbújá wá, ra ọ̀kan nínú wọn ní 50,000 náírà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Onílù kì í, ó jó wá síwájú, àwọn ìyá fi ìborí fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ra èyí tó kù ní 20,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. 90,000 náírà ni iṣu obìnrin yẹn pa fún ìjọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ àwọn tó rà á. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ìyá Elélùbọ́, nítorí pé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ wa, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì: "Kò san."

Èmi ni mo kọ ọ́. Òfin ìwé owó ni mo tẹ̀lé. Gbàǹjo ní abala tirẹ̀, ẹ́ńfílọ́ọ̀pù ní abala tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ́wọ́ akápò tó ṣíwájú mi. Ní oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè mọ́ ara ilẹ̀kùn ìjọ. Kò mọ̀ ọ́n kà, ọmọ ẹlòmíràn ni ó kà á fún un. Láti ọjọ́ náà kò wá sí ìjọ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ fún wa pé kí ìjọ bá àwọn sin ìyá àwọn. Ìjọ ṣí ìwé. Owó kíláàsì, owó ilé kíkọ́, owó ìkórè ọdún méjì: 18,500 náírà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ san án kí agogo tó lù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ka owó náà sí ọwọ́ mi, owó wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ rìsíìtì fún un, mo sì fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka Bíbélì mi lórí ọ̀rọ̀ ìkórè nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà mọ̀ ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Nínú Léfítíkù orí 19, ẹsẹ 9 àti 10, Ọlọ́run sọ fún Ísírẹ́lì pé nígbà tí wọ́n bá ń kórè, wọn kò gbọdọ̀ kó igun oko tán, wọn kò sì gbọdọ̀ padà lọ pa èéṣẹ́. Ti tálákà àti ti àlejò ni. Àwa tí a dàgbà sí oko mọ ohun tí èéṣẹ́ ń jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán lóko bàbá mi, àwọn ọmọ ilé tí kò ní ẹni tí yóò ṣoko fún wọn a gbé agbọ̀n wá, wọn a máa tú ebè wò, wọn a sì máa rí èyí tí ọkọ́ fò. Bàbá mi a yí ojú sí ibòmíràn. Kò ka Léfítíkù rí, kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ojú ni í ti ẹni tó ń pèéṣẹ́, kò sì fẹ́ kí ojú tì wọ́n.

Ohun tó wà nínú òfin yẹn ni pé igun oko kò fìgbà kan jẹ́ ti olóko. Bí ó bá kó o, ó kó ohun olóhun. Opó kò ní láti kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò pè é jáde kí ó wá dúpẹ́, kò sí ẹni tí yóò yà á ní fọ́tò pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Yóò wá pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, yóò kó o, yóò sì gbé e lọ sílé. Bí Rúùtù ṣe ṣe nìyẹn ní oko Bóásì. Opó ni, ará Móábù ni, àlejò pátápátá. Bóásì tún pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa fa ọkà díẹ̀ yọ nínú ìdì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Nígbà tí Rúùtù pa ọkà náà ní ìrọ̀lẹ́, ó tó òṣùwọ̀n éfà kan. Ọmọ ọmọ obìnrin yẹn ni bàbá Dáfídì, inú ìdílé Dáfídì ni a sì ti bí Jésù.

Deuterónómì orí 16 wá sọ bí àjọ̀dún ìkórè yóò ṣe rí. Ọjọ́ méje ni wọn yóò fi yọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ọkà àti wáìnì wọlé. Ó ka àwọn tí yóò jókòó jẹun lẹ́sẹẹsẹ: ìwọ, ọmọkùnrin rẹ, ọmọbìnrin rẹ, ìránṣẹ́kùnrin rẹ, ìránṣẹ́bìnrin rẹ, ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbàbá, opó. Mo wá alága nínú ìwé yẹn, mi ò rí i. Mo wá àga iwájú, mi ò rí i.

Bí mo ti ń kọ èyí, mo ti ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Tíṣà, Málákì ńkọ́?" Ó dára. Gbogbo wa mọ Málákì 3:10 lórí. Ẹ mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra. Àwọn ọmọ Sunday School wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹsẹ mẹ́rin péré ni ó wà láàrin ẹsẹ yẹn àti ẹsẹ karùn-ún. Ní ẹsẹ karùn-ún, Ọlọ́run ní òun ń bọ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí kíákíá: sí àwọn oṣó, sí àwọn panṣágà, sí àwọn abúra èké, sí àwọn tí ń rẹ́ alágbàṣe jẹ nínú owó ọ̀yà rẹ̀, tí ń ni opó àti aláìníbàbá lára, tí ń du àlejò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìlà kan náà ni ó to oṣó àti ẹni tó rẹ́ alágbàṣe jẹ sí. Àwa ń fi ààwẹ̀ lé oṣó jáde ní ìjọ, a sì ń fi ẹnì kejì rẹ̀ ṣe alága ìkórè.

Kí sì ni ilé ìṣúra náà wà fún? Deuterónómì 14, ẹsẹ 28 àti 29, sọ pé ní òpin ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n kó gbogbo ìdámẹ́wàá ọdún náà jọ sí inú ìlú wọn, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbàbá àti opó wá, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì yó. Mo ti ń lọ sí ìjọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí sẹ́yìn. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kan rí lórí ẹsẹ méjì yẹn.

Ọ̀rọ̀ opó tó fi owó idẹ wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí, ìyẹn náà kò lè ṣe kí ó má wáyé ní ìkórè. Oníwàásù á ní ẹ wò ó, ó fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, ìwọ tí o ní mọ́tò ńkọ́? Ṣùgbọ́n kí Jésù tó jókòó síwájú àpótí yẹn nínú Máàkù orí 12, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, ní ẹsẹ 40, ni pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn akọ̀wé òfin tí wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n sì ń gbàdúrà gígùn kí ènìyàn lè rí wọn. Lẹ́yìn náà ni opó náà wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ-ẹ̀yìn kan ní, "Olùkọ́, wo òkúta ńláńlá wọ̀nyí, wo ilé yìí!" Jésù ní òkúta kan kì yóò kù lórí èkejì. Bí mo bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni ohùn ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà fi oúnjẹ ara rẹ̀ kọ́ ilé olókùúta. Ó yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ orúkọ àwọn opó tó kù tí kò tíì mú tiwọn wá.

Ẹ̀yin ará, ìtàn tiwa yẹ kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Wòlíì Ámósì bá Ísírẹ́lì wí pé wọ́n ta aláìní nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjì. Ẹni tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, Samuel Àjàyí Crowther, wọ́n tà á. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Ọmọ tí wọ́n fi ra ẹṣin ni ó fi ọ̀rọ̀ Ámósì sí wa lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Èkìtì níbí náà, ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gbọ́ nípa Jésù ní ilẹ̀ àjòjì, tí wọ́n sì padà wálé, ni ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ dé ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tí ayé ti fi owó díye lé ni wọ́n mú Ìyìn Rere wá fún wa.

Kí sì ni àwọn bàbá wa bá jà ní ogun Kírìjì, láti 1877 títí wọ́n fi tú ibùdó ogun ká ní 1893? Wọ́n bá àjẹ́lẹ̀ jà, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wa. Àjẹ́lẹ̀ tí ń wọ oko olóko, tí ń mú ewúrẹ́ àti iṣu láìsan kọ́bọ̀. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí sọ pé ó tó. Èkìtìparapọ̀ dìde. Ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí pé àwa ọmọ wọn tún jókòó ti tábìlì, a ń fi bírò kọ iye tí opó gbọ́dọ̀ mú wá láti inú oko rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ìkórè díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣubú. Ẹgbẹ́ yóò mú aṣọ. Ẹni tí kò bá rà á, wọn kò ní lé e jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jó wọlé, yóò wà lẹ́yìn nínú aṣọ àtijọ́, gbogbo ojú yóò sì wò ó. Nítorí náà, ó lọ yá owó gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹ mọ owó tí mò ń sọ, owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹni bí ọjọ́ bá pé. Mo mọ ìyá kan tó ta ẹ̀rọ ata rẹ̀, èyí tó fi ń jẹun, kí ó lè san owó tó yá ra aṣọ ìkórè àti gèlè. Aṣọ ọpẹ́ ni wọ́n pè é.

Nínú Nehemáyà orí 5, àwọn ènìyàn àti àwọn aya wọn figbe ta nítorí irú èyí. Wọ́n ní àwọn ti fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé dógò kí àwọn lè rí ọkà jẹ, àwọn sì ti ń fi ọmọ àwọn ṣe ẹrú. Àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè kì í ṣe kèfèrí, arákùnrin wọn ni, ará ìjọ kan náà. Nehemáyà kò ní kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i. Ó bínú, ó pe àpéjọ ńlá, ó dojú kọ àwọn ọlọ́lá àti àwọn ìjòyè, ó ní kí wọ́n dá oko padà lónìí yìí, kí wọ́n dá ilé padà, àti èlé tí wọ́n gbà. Wọ́n dákẹ́, wọn kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "A ó dá a padà." Ó pe àwọn àlùfáà kí wọ́n fi ìbúra dè é. Iṣẹ́ tí wọ́n fún àlùfáà ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, kí wọ́n dúró ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ títí ohun rẹ̀ yóò fi padà sí i lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó pé bí ìjọ wa kan ṣoṣo ní Èkìtì bá fi ìdá kan nínú owó ìkórè ṣe owó àyálò fún àwọn obìnrin ọjà láìgba èlé, bí Ẹ́kísódù 22:25 ṣe wí, ẹlẹ́kún gbọ́mú-lé-láńtà ìlú náà yóò dín kù kí ọdún tó yí po.

Àwọn alágbàṣe wá ńkọ́? Ta ló ń kọ ebè ní Èkìtì báyìí? Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Èkó àti òkè òkun. Àwọn Ẹ̀bìrà ni, àwọn Ìgédé, àwọn Tíífì, tí wọ́n ń sùn sí abà. Iṣu tí a ń gbé síwájú pẹpẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni òógùn wọn wà lára rẹ̀. Àlejò tí Bíbélì ń dárúkọ léraléra, àwọn náà nìyẹn. Jákọ́bù 5:4 sọ pé owó ọ̀yà tí a kò san fún àwọn tó kórè oko wa ń ké, igbe náà sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun. Òfin Mósè kò tilẹ̀ fún wa ní ọ̀la. Deuterónómì 24 ní kí a san owó rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, nítorí tálákà ni, ó sì gbé ọkàn rẹ̀ lé e.

Àwa tí a ń ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ìjọ, àwọn wo ni à ń jẹ lówó? Ẹni tó ń ṣọ́ ìjọ lóru. Ìyá tó ń gbálẹ̀. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Òfin Nàìjíríà gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà ní 2024. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan tí tíṣà rẹ̀ ń gba 20,000, tí oṣù méjì sì tún lè lọ kí ó tó rí i. Ní ọdún kan náà ni ìjọ náà fi máábù sí iwájú pẹpẹ. Ẹ̀yin ará wa ní Kátólíìkì, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n jù: láti 1891 ni Póòpù Leo Kẹtàlá ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ìjọ pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó ohun tí òṣìṣẹ́ tí kò náwó ní ìná-àpà yóò fi gbé ayé, àti pé ẹ̀ṣẹ̀ tó ń ké sí ọ̀run ni kí a du òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Òrùlé ń jò. Dísù jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Owó tí dáyọ́sísì bù lé wa lórí kò lè dúró. Èmi ni mo máa ń ka àwọn owó wọ̀nyẹn, irọ́ kọ́. Kí ìjọ má lówó lọ́wọ́ kọ́ ni mò ń wí. Nígbà tí Archdeacon Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, owó ni wọ́n fi ṣe é, òógùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, ẹni tí ìjọ kọ́ ní ìwé ní Èkìtì sì pọ̀ ju ẹni tí a lè kà lọ. Ìbéèrè mi ni ọwọ́ ta ni a ti ń gba owó náà, àti ọ̀dọ̀ ta ni ó ń lọ.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n, Pọ́ọ̀lù ṣáà sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kí ó má jẹun. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ó wí. Ìyá Elélùbọ́ máa ń ti oko dé nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń lo 2 Kọ́ríńtì 8:9, pé Jésù di tálákà kí àwa lè di ọlọ́rọ̀. A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ilé alájà. Ibi tí ẹsẹ yẹn ti wá, owó ni Pọ́ọ̀lù ń kó jọ fún àwọn ará tó jẹ́ aláìní ní Jerúsálẹ́mù. Ẹ ka orí náà dé ẹsẹ 15. Ó ní kí ọ̀pọ̀ tẹ̀yin dí àìní tiwọn, kí ọgbọọgba lè wà, bí mánà ṣe rí ní aginjù, ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ kò sì ṣe aláìní. Ọgbọọgba ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ọlọ́run kì í sì í wo mọ́tò ẹni kí ó tó pe ènìyàn. Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá tí gbogbo Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tú jáde lọ gbọ́ ní 1930, awakọ̀ rólà tó ń tẹ ọ̀nà ni nígbà tí Ọlọ́run pè é.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Kí ìkórè ọdún yìí tó dé, ẹ má lẹ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má ka iye tí ẹnì kan san sétí ẹnì kejì. Ẹ sin òkú Kristẹni láìbi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè owó. Aṣọ tí olúkúlùkù bá ní nílé, kí ó wọ̀ ọ́ wá. Kí ẹ tó pe ẹnì kan ṣe alága, ẹ lọ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bóyá ó san owó wọn. Bí kò bá san án, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe bí Sákéù agbowó-òde, kó dá owó olówó padà, kó tó wá ra iṣu níwájú Ọlọ́run. Ẹ san owó ẹni tó ń ṣọ́ yín lóru kí ẹ tó ra ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ka owó ìkórè, ẹ gé igun oko kúrò níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ ti opó, aláìníbàbá àti àlejò, kí wọ́n fi ẹni tí àwọn fúnra wọn gbẹ́kẹ̀ lé sí ìdí rẹ̀, kí ó má sì wọ ìwé owó ilé kíkọ́ láéláé.

Bí gómìnà tàbí aṣòfin bá sì wá síbi ìkórè yín, tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún un, ẹ gbà á. Ẹ wá bi í lójú gbogbo ìjọ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì yóò rí gírátúítì wọn gbà. Mo mọ àwọn tó kú sẹ́nu ìdúró.

Èmi náà ti ní láti ṣe tèmi. Ní oṣù tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Adó lọ́dọ̀ ọmọ Ìyá Elélùbọ́, níbi tó ti ń ránṣọ. Mo kó 74,000 náírà dání, ìlọ́po mẹ́rin owó tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Sákéù ṣe wí. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó kúnlẹ̀, ó gba owó náà, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí máṣíìnì, kò sì kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé orúkọ màámi ṣì wà nínú ìwé yẹn?"

Ó ṣì wà níbẹ̀. Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tèmi, ọ̀dọ̀ yín ló wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ẹ̀wù, ìwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ẹ ṣí i sí ìkórè ọdún 2019, abala àwọn opó, orúkọ kẹtàdínlógún. Ẹ fa ìlà sí ohun tí mo kọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: iṣu mẹ́ta, 90,000 náírà, ó san.

Èmi ni,
Tíṣà, akápò ìkórè àná